Ọkùnrin Tó Kan Ògiri Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orí Arvid

Ọkùnrin náà kò kan ilẹ̀kùn. Ara ògiri ló kàn láti ìta, gan-an níbi tí orí Arvid máa ń wà tó bá dùbúlẹ̀, ó sì kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí aláìsàn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn aṣálẹ̀ Arisónà sì ti lé gbogbo ará àgọ́ sábẹ́ ìbòji. Lavonne, ìyàwó Arvid, fi abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin kan ló rí, tó gbé àpótí irinṣẹ́ dání. Bàtà rẹ̀ tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò kan ò tíì rọ̀ níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé láti Minisótà.

"Ẹ káàsán, màmá. Páìpù yín ni mo wá wò."

"A ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀. Báwo lorí bàbá?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa orí fífọ́ Arvid nínú àgọ́ náà, nítorí Arvid ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ káwọn èèyàn máa wo òun tàánú-tàánú.

Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó yìí fẹ̀yìn tì, wọ́n ta ilé wọn, wọ́n sì ra ilé onítáyà yìí lọ́wọ́ opó kan ní Ọ́rígọ̀n. Ọkọ̀ wọn ló ń fà á kiri. Wọ́n wá lo ìgbà òtútù nínú aṣálẹ̀, ibẹ̀ sì ni àìsàn ti dé. Ní àràárọ̀ ni Arvid ń jí bí ọ̀mùtí, tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e. Tó bá ti jókòó síta títí di ọ̀sán, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Dókítà ìlú gbọ́ àyà rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ọjọ́ orí ni. Ọmọbìnrin wọn ní kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n lọ sí ilé àwọn arúgbó. Arvid fèsì pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun kú síbi tóun wà. Ẹ̀rù ti ń ba Lavonne pé ọwọ́ ọkọ òun máa tó tẹ ohun tó ń tọrọ.

Ọkùnrin náà wọlé. Kò béèrè ọ̀nà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá, ó lọ tààrà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó wà lókè ibùsùn.

"Ta nìyẹn?" Arvid béèrè látorí bẹ́ẹ̀dì.

"Oníṣẹ́ páìpù ni."

"Kò sí nǹkan tó ṣe páìpù mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

Lóòótọ́, òun ló ṣe é, kò sì sẹ́ni tí kò tíì fi hàn. Omi ṣọ̀wọ́n nínú aṣálẹ̀ débi pé ife tìrẹ lo máa gbé lọ tó o bá fẹ́ mu kọfí nílé aládùúgbò, kó má baà di pé wọ́n ń fi omi fọ ife àlejò. Arvid wá gé páìpù ibi ìfọbọ́, ó darí rẹ̀ sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé náà, kí omi abọ́ lè máa ṣan ìgbẹ́ dípò omi mímọ́. Bí ẹni tó kọ́ afárá ló ṣe ń yangàn.

"Iṣẹ́ tiyín dáa, bàbá," ọkùnrin náà sọ. Ó sọ orí kọ́ bí ọmọ tó fọ́ abọ́. "Ẹni tó ṣe tiẹ̀ ṣáájú yín ló ṣàṣìṣe."

Ó sún aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Páìpù atẹ́gùn táǹkì wà níbẹ̀. Ó yẹ kó gba òrùlé jáde, àmọ́ ẹnì kan ti gé e kúrú kí kọ́bọ́ọ̀dù lè ráyè, ó sì fi ìdérí ike kékeré dí i lẹ́nu. Ìdérí náà ti là.

"Màmá, ẹ tú omi abọ́ yẹn dànù."

Lavonne yọ ohun tó dí ihò ibi ìfọbọ́, omi sì ya lọ. Lójú rẹ̀, apá ẹ̀wù Arvid tó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù náà gbéra sókè, ó mì lẹ̀lẹ̀. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gbá a nímú. Arvid ò gbọ́ òórùn kankan, torí iléeṣẹ́ ọ̀dà tó ti ṣiṣẹ́ rí ti pa imú rẹ̀ látọdún mélòó kan.

"Gbogbo omi tó bá wọ táǹkì ló ń lé atẹ́gùn olóró inú rẹ̀ jáde," ọkùnrin náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ibí ló ń gbà. Orí bàbá ló sì ń fẹ́ sí."

Lavonne jókòó. Àga gígùn ẹ̀bá ilẹ̀kùn lòun ń sùn sí ní tirẹ̀, nítorí ìhanrun ọkọ rẹ̀. Ìhanrun tó ń bú ni kò jẹ́ kó ṣàìsàn.

Ọkùnrin náà fa ayùn yọ. Ó ń rẹ́ páìpù, ekuru funfun ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ayùn náà kò dún rárá. Ó lu òrùlé jáde, oòrùn wọlé, síbẹ̀ wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Lavonne," Arvid sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé etí mi náà ti kú ni?"

"Dákẹ́, Arvid. Má sọ nǹkan kan."

Nígbà tó so páìpù tuntun dé òkè òrùlé tán, Lavonne bu omi fún un. Ọkùnrin náà wo omi náà pẹ́.

"Mi ò lè mu ún mọ́, màmá. Ẹ ṣeun."

Ó jáde. Lavonne tẹ̀ lé e kíákíá. Aṣálẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí igi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí lẹ́yìn. Ipa bàtà tútù méjì wà lórí àtẹ̀gùn, oòrùn sì ń fà wọ́n mu lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Arvid jí, ó ní kí wọ́n din ẹyin fóun. Lavonne kọ́kọ́ sunkún ayọ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó tó pe opó tó ta ilé náà fún wọn. Corinne lorúkọ rẹ̀. Lavonne ròyìn ọkùnrin náà fún un, ojú rẹ̀, aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀.

"Ọkọ mi ni," Corinne sọ. "Òun ló kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, inú rẹ̀ sì dùn gan-an nígbà tó kàn án tán. A jà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lé e jáde sínú òjò, ó lọ sùn sínú ilé onítáyà náà. Ilẹ̀ mọ́, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà tútù lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Mo ti ń sọ fún ara mi látìgbà náà pé èmi ni mo pa á."

"Corinne, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe ìjà yẹn. Atẹ́gùn olóró láti páìpù kọ́bọ́ọ̀dù ni."

Ẹkún ni Lavonne ń gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," Corinne sọ, "ẹ tún un sọ."

Lavonne tún un sọ, ó sì ń tún un sọ títí èémí obìnrin náà fi rọlẹ̀.