Ọ̀dà Kí Ọkọ̀ Tó Kan Omi

Etí ọ̀sà ní Àjàrà ni wọ́n ti pàdé. Sewanu kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ ojú omi tuntun kan, ó ń ki òwú bọ ojú ìlà pákó, ó ń fi ọ̀dà dúdú lé e. Ọmọge kan, Yéjídé, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ yìí kò tíì fojú kan omi. Kí lẹ ń dí níbẹ̀?"

"Àǹtí, tó bá kan omi kí n tó dí i, ẹja ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Yéjídé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé pákó tí ọ̀dà wà. Aṣọ bàjẹ́. Ọkàn Sewanu náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà.

Ìfẹ́ kò ṣe é fi agbọ̀n bò. Kò pẹ́, ilé méjèèjì gbọ́, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Inú Sewanu ń dùn bí ẹni tó fẹ́ fò!

Àfi ọjọ́ tí Yéjídé wá bá Ìyá Sewanu yan ẹja, tí Sewanu náà jókòó tì wọ́n. Ó ń fa aṣọ ìnujú yọ nínú báàgì, ni páálí oògùn kan bá jábọ́. Ìyá mú un.

"Háà! Ohun tí Mercy ọmọ mi lò nígbà oyún rè é! Sewanu, ìwọ lo fún un lóyún?"

"Ìyá, a ò tíì sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ rárá."

"Ta wá ni? Kò sí ìgbéyàwó mọ́!"

Sewanu wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀. Omijé ti kún un.

"Màámi, mi ò lóyún. Fítámì fólíìkì ni. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi Láídé bí, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé. Kò sì dúró. Nọ́ọ̀sì ní kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún rárá ni ẹ̀yìn ọmọ ti ń pa dé. Ó ní kí n ti máa lò ó ṣáájú, kí n má sì dáwọ́ dúró tí oyún bá dé. Kì í ṣe pé ewu tán pátápátá o, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù. Ẹ̀rù ló ń bà mí, màámi."

Ìyá yínmú. "Ta ní í lo oògùn nítorí ẹni tí kò tíì dé?"

Sewanu fò dìde. "Èmi ni, Ìyá! Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ọkọ̀ náà ni! Ṣé a máa ń dúró kí omi kún ọkọ̀ ká tó wá ọ̀dà? Yéjídé mi, mo gbà ọ́ gbọ́."

Ẹja ń jóná, Ìyá kò yí i. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ó fa Yéjídé mọ́ra.

"Má bínú, ọmọ mi. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ti ń tún ilé ṣe kí ọmọ tó dé!"

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ọkọ àti ìyàwó ti jókòó sínú ọkọ̀ tí Sewanu fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, àwọn ọ̀dọ́ ń hó yèè, wọ́n fẹ́ tì í sómi. Ìyá là wọ́n láàárín, ife omi lọ́wọ́.

"Ẹ dúró! Ìyàwó mi, ṣé o ti lo oògùn tòní?"

Yéjídé bo ojú, ó mi orí pé òun kò tíì lò ó. Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Ìyá fi hóró kan sí i lẹ́nu, ó gbé omi fún un, ó nu ètè rẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè.

"Ó yá! Ẹ ti ọkọ̀ sómi!"