Wàrà Gbígbóná Lórí Wàrà Tútù

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni, láti inú ilé màlúù. Màlúù pupa ń rọbí lọ́wọ́, ìyá ò sì lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín, mà."

"Ìwọ nìkan lo máa tọ́jú wàrà ìrọ̀lẹ́ yìí o. Sẹ́ ẹ. Gbé garawa sínú omi tútù, kí o máa fi ọ̀pá rò ó títí á fi tutù. Ìgbà yẹn ni kí o tó dà á sí táǹkì. Kí ni mo máa ń sọ?"

"Wàrà gbígbóná kì í sùn lórí wàrà tútù."

"Káre. Má jẹ́ kí n tún un sọ."

Inú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dùn. Àyà rẹ̀ sì já díẹ̀. Wọn ò fi yàrá wàrà sílẹ̀ fún òun nìkan rí. Yàrá kékeré ni, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, ó máa ń tutù rinrin lábẹ́ ẹsẹ̀. Táǹkì irin ńlá wà ní igun, wàrà àárọ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú un tutù ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí àgbàlagbà tó sùn lórí àga. Ẹ̀rọ náà ti dàgbà lóòótọ́. Ohun tó bá ti tutù, ó lè ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da ohun gbígbóná lé e lórí, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹ. Ìdí nìyẹn tí àgbá omi tútù fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wàrà kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ó fi aṣọ funfun sẹ́ wàrà náà, ó gbé garawa sínú omi, ó mú ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Wàrà ń yí, ìfófò ń yí. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ń fetí sílẹ̀.

Kíríríń! Agogo kẹ̀kẹ́ dún níta, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀rín yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Ẹlẹ́rìn-ín, tí wọ́n máa ń gbọ́ kí wọ́n tó rí i.

"Aṣọ́lé wa dà? Wọ́n ti ń wọ pápá bọ́ọ̀lù o! Tíṣà ní bí o ò bá tètè dé, ẹlòmíràn lòun máa fi ṣọ́ ilé."

"Jọ̀ọ́, dúró dè mí. Kò tíì tutù."

"Kí ni kò tíì tutù? Ọbẹ̀ ni?" Ẹlẹ́rìn-ín yọ orí wọlé, ó nawọ́ sí táǹkì. "Ṣebí inú ìyẹn náà ló ń lọ? Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kó mú un tutù. Àbí ẹ̀rọ ló gbà ọ́ síṣẹ́ kí o máa bá a ṣe é?"

"Màmá mi ní—"

"Màmá ẹ wà nídìí màlúù. Dà á sí i jàre!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ kan ara garawa. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún un wò. Ó gbé garawa, ó dà á. Ó yára fi ìdérí dé táǹkì, bí ẹni tó bo ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní pápá, wọ́n borí. Kò sí bọ́ọ̀lù kan tó kọjá lára rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé e sórí èjìká, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Màlúù pupa ti bímọ, ọmọ náà ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ bí àga tí ìṣó rẹ̀ ti tú.

"Wàrà ńkọ́?"

"Ó ti wà nínú táǹkì, mà."

Kì í ṣe irọ́. Kì í ṣe òótọ́ náà. Ó yọ́ lọ wo ojú aago tó ń wọn ìgbóná wàrà lára táǹkì. Abẹ́rẹ́ ti gun òkè lọ sí ibi pupa. Ẹ̀rọ ò kùn mọ́, ó ń gbin ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré lọ. Abẹ́rẹ́ ti padà sí àyè rẹ̀! Ó rọra ṣí ìdérí táǹkì. Wàrà funfun, ó parọ́rọ́, kò yàtọ̀ sí ti àná. Ta ló máa mọ̀? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó mí kanlẹ̀. Àmọ́ àyà rẹ̀ ò gbà.

Ọkọ̀ agbowàrà fun fèrè níta. Gbogbo àdúgbò ni awakọ̀ rẹ̀ ń bá gbé wàrà, inú àgbá kan náà lẹ́yìn ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ń lọ. Imú-Kì-í-Tàsé ni wọ́n ń pè é, torí ó ní kò sí wàrà bíbàjẹ́ tí imú òun ò lè mú. Bàbá Onímàlúù-Kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ bá ọkọ̀ dé ìgboro. Màlúù kan ṣoṣo ni bàbá náà ní, wàrà rẹ̀ sì ti wà nínú àgbá.

"Aṣọ́lé!" ni bàbá náà pè láti inú ọkọ̀. "Mo gbọ́ o! Wọ́n ní ohunkóhun ò kọjá lára rẹ lánàá!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí ẹ̀gún.

Awakọ̀ ti ṣí táǹkì, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó fà á sókè. "Ó ń ta sánsán! Imú mi ti gbà á wọlé." Ó fa rọ́bà ńlá wá, ó ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí yóò fa wàrà.

"Ẹ dúró!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rọ́bà mú, ó gbá a mọ́ àyà bíi bọ́ọ̀lù. "Ẹ má gbé e. Gbígbóná ni mo dà lé tútù lórí. Ẹlẹ́rìn-ín ló ní kí n dà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló dà á."

Ìyá rẹ̀ bu wàrà díẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e kaná láti dán an wò. Gbogbo wọn rọ̀gbà yí i ká. Wàrà náà gbóná, ó mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì já. Ó di kókó-kókó, omi rẹ̀ ya lọ́tọ̀.

Awakọ̀ ń fọwọ́ pa imú rẹ̀. "Ìwọ imú yìí, ibi gbogbo ni mo gbé ọ dé. Ṣé ibí lo ti wá dójú tì mí?"

"Láti òní lọ," ni Bàbá Onímàlúù-Kan wí, "Imú-Máa-Ń-Tàsé lorúkọ yín." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo rẹ̀ di ti ẹlẹ́dẹ̀," ni ìyá wí. "Ìwọ lo máa rù ú lọ. Ìwọ lo máa fọ táǹkì. Ní Sátidé, kò sí bọ́ọ̀lù. Yàrá wàrà lo máa ṣọ́."

"Ẹ ṣeun, mà."

Bàbá náà yọrí kí ọkọ̀ tó ṣí. "Ọmọ mi, lánàá, bọ́ọ̀lù lo gbà. Lónìí, wàrà gbogbo wa lo gbà."

Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò pẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbé e lé e.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ní tiwọn, ọdún dé ni! Wọ́n ń ké, wọ́n ń ti ara wọn, imú gbogbo wọn funfun báláú. Ọ̀kan tiẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n oúnjẹ pátápátá, ó kọ̀, kò dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ̀rín dún níta, àmọ́ kò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, aṣọ bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Wọ́n fi ayò bò wá mọ́lẹ̀," ló wí. "Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé ń sá fún bọ́ọ̀lù ni." Ó wolẹ̀. "Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Gbé ọ̀pá yẹn wá, kí n bá ọ rò ó."

Ó rò ó, ó rò ó. Òógùn bò ó lójú.

"Ó ti tutù báyìí, àbí?"

"Kò tíì tutù."

"Kí ni kò tíì tutù látàárọ̀?"

"Ọbẹ̀ ni," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ màlúù fi ké lù wọ́n láti ilé màlúù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ kan garawa. Ó ti tutù wàyí. Ó ṣí táǹkì, ó rọra dà á sí i. Kò wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ lè ní ká dà á, ọwọ́ ẹni ló máa dà á. Bí ọwọ́ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ̀rù á máa bani, mo mọ̀. Ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, tẹ̀rùtẹ̀rù, kí tiwa tó ba ti aládùúgbò jẹ́.