Aláǹtakùn Aago Mẹ́jọ

Iyọ̀ ni mo tọ́ wò. Omi ló sẹ̀ sára òwú aláǹtakùn tó wà lókè ibùsùn mi, mo fìka kàn án, mo sì fi sẹ́nu láìronú. Omi òkun ni, bẹ́ẹ̀ orí òkè ni ilé wa wà, fèrèsé sì wà ní títì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá mo gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Mo wọ́n ọtí kíkan sí gbogbo kọ̀rọ̀, mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Pàbó! Kí n sì tó mí, Soazig, ìyá ọkọ mi tí a jọ ń gbé, á tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

"Ìyàwó, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lájà yẹn, má fọwọ́ kàn án, ẹ̀fọn ló ń jẹ. Dúdú onírun yìí, akọ ni, ìyàwó ló ń wá kiri. Fi ife dé e, ti páálí sábẹ́ rẹ̀, kó o gbé e síta."

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e síta! Ó mọ̀nà ilé jù mí lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ti òkè ibùsùn hàn án, ẹ̀rín náà kú. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, okùn kan ṣoṣo ló fi rọ̀ sókè ìrọ̀rí Goulven, ọkọ mi.

"Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ òfin. Aláǹtakùn òwúrọ̀, ìbànújẹ́ ni, pa á. Aláǹtakùn ìrọ̀lẹ́, ìrètí ni, fi í sílẹ̀."

Kò sí ọmọ Bretagne, etí òkun ilẹ̀ Faransé níbí, tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ìjì dé, tí ọkọ̀ ẹja tí Goulven bá lọ dákẹ́ lórí rédíò, ni aláǹtakùn náà dé. Ó di ọjọ́ kejì, a ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Mo fi gbogbo òru ọjọ́ yẹn di ẹja sínú agolo níléeṣẹ́ wa. Ọ̀sán ni mo tó délé, mo sì ṣubú lulẹ̀ bí igi. Nígbà tí mo lajú, aago ògiri sọ pé mẹ́jọ, ojú fèrèsé ń ràn díẹ̀díẹ̀. Aláǹtakùn náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé iwájú imú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lára okùn, omi ń kán tó, tó, tó sórí ìrọ̀rí.

Inú bí mi dé góńgó. "Òwúrọ̀ kùtù! Ọkọ mi lo tún fẹ́ mú lọ?"

Mo gba bàtà, mo gbá a mọ́ ògiri. Okùn náà já. Ariwo rẹ̀ ju ti òwú lọ, ó ró gbàù, omi tútù sì bò mí lójú.

Soazig ké láti ilé ìdáná. "Maiwenn! Dìde, ọbẹ̀ alẹ́ ti ń tutù."

Alẹ́ kẹ̀? Mo sáré sí fèrèsé. Oòrùn ni mo rò pé ó ń yọ, àṣé ó ti wọ̀. Lóṣù kẹwàá, aago mẹ́jọ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni níbí. Yéè, mo gbé!

Lọ́jọ́ kejì, Tudual tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà wá sílé wa, bùláńkẹ́ẹ̀tì ṣì wà léjìká rẹ̀. Kò lè wo ojú mi.

"Ọkọ̀ dojú dé. Okùn kan ló so Goulven mọ́ ọn, ọjọ́ méjì gbáko ló fi dì í mú. Okùn tuntun ni, ìyàwó wa. A ti ń rí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbà wá, a ti ń pariwo ayọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló kàn já."

"Aago mélòó?" Soazig ló bi í, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò.

"Mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́."

Láti ọjọ́ náà, aláǹtakùn kan kò wọ ilé wa mọ́. Mo ti gbé ìgbálẹ̀ jù nù. Tí aago bá ti lu mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo ń wá wọn ní gbogbo kọ̀rọ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá. Ìrọ̀rí Goulven nìkan ló ṣì tutù, mo sì ti mọ bó ṣe rí lẹ́nu: iyọ̀ ni.