Aṣọ Funfun Inú Yàrá Fọláyọ̀

"Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yìí ni o lè fọwọ́ kàn," ni Màmá Akínbíyìí wí, "àyàfi aṣọ tó wà létí fèrèsé yẹn."

Mùtíátù wo ibi tí màmá náà nawọ́ sí. Aṣọ funfun kan ni, wọ́n nà án mọ́ igi róbótó kan. Wọ́n ti fi òwú pupa àti òwú aláwọ̀ ewé ṣe òdòdó yí etí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n igun kan ṣì ṣófo. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, òwú ń fì lójú abẹ́rẹ́ náà.

"Ta ló ni ín, Mà?"

"Fọláyọ̀, ọmọ mi. Aṣọ orí tábìlì ló ń ṣe sílẹ̀ de ilé ọkọ. Ó di ọdún méje tó ti kú." Màmá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ilẹ̀kùn yìí ní nìyẹn. Má sọ ọ́ nù."

Ọdún 1987 nìyẹn, ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Mùtíátù. Kétu ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ẹnubodè. Ìjọba wọn ló rán bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àdìó, tó jẹ́ olùkọ́, wá sí yunifásítì Ìbàdàn fún ọdún kan, ó sì mú àkọ́bí rẹ̀ dání kó lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ dúró sílé. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé Màmá Akínbíyìí ni wọ́n háyà.

Faransé ni wọ́n fi kọ́ Mùtíátù níwèé láti kékeré. Tí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n rẹ̀ a lọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín. "Kútọnu tún ti dé," ni wọ́n máa ń wí. Kíláàsì iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í rẹ́rìn-ín, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó rí aṣọ ìrọ̀rí tí Mùtíátù ń ṣe òdòdó sí lára, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó sì lọ ṣí yàrá Fọláyọ̀ fún un.

Ọmọ náà gbádùn ibẹ̀. Tó bá ti ilé ìwé dé, tó jẹun, tó kí ìrun ọ̀sán, á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, á máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó lọ́ọ̀ọ́kán ní ọjà Bódìjà. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Sìkírátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ní kíláàsì, á wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ láti ra òwú. Wọn a pẹ́ níwájú ìsọ̀, wọn a máa gbé àwọ̀ kan lé orí èkejì títí olówùú á fi bínú. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ pé àárò ilé ò sọ òun mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kejì, ó gbójú sókè, ó sì rí ewé kan tí wọ́n fi òwú ṣe ní igun tó ṣófo lára aṣọ funfun náà.

Ó rò pé òun ò wò ó dáadáa tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ewé náà ti di méjì. Lọ́jọ́ kẹta, òdòdó pupa ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àga tó wà létí fèrèsé, tó máa ń kọjú sí ògiri, ti yí padà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Yàrá náà ń ta sánsán páúdà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ti ilẹ̀kùn tán, ó so fọ́nrán òwú kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ìṣó ara férémù. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òwú náà kò já, kò sì tú. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Òdòdó náà ti ní ewé mẹ́ta sí i.

"Mà, ta ló tún máa ń wọ yàrá yẹn?" ó bi Màmá.

"Ìwọ nìkan. Èmi tí ojú mi ò gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́, kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?" Màmá kò wo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni Mùtíátù ń kọ sí ògiri tó bá ń ránṣọ, kí nǹkan kan má baà wà lẹ́yìn òun.

Kò pẹ́ tí ibà fi dá a wó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó fi gbádùn, ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wọn jọ fún ìdánwò, ìrọ̀rí rẹ̀ kò sì tíì dé ìdajì. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, Sìkírátù tẹ̀lé e wọ yàrá Fọláyọ̀, ó sì lọ dúró níwájú aṣọ funfun náà.

"Èyí ti parí," ó wí. Òótọ́ ni. Igun náà ti kún, wọ́n sì ti yọ abẹ́rẹ́ kúrò. "Mú un lọ."

"Kì í ṣe tèmi."

"Tẹni tó ti kú ni. Ṣé òun ló máa wá gba máàkì ni? Ọjọ́ kan péré, wàá dá a padà. Àwọn tó ń pè ẹ́ ní Kútọnu á panu mọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú Mùtíátù. Ó tú aṣọ náà kúrò lára igi. Oòrùn mú gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ aṣọ náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyáàfin Gbádégẹṣin, olùkọ́ wọn, gbé aṣọ náà sókè. Gbogbo kíláàsì na ọrùn wò ó. "Iṣẹ́ àgbà nìyí," ó wí. Ó fún Mùtíátù ní ipò kìíní. Ṣùgbọ́n kò dá aṣọ náà padà. Ó ní inú gbọ̀ngàn ni òun máa gbé e kọ́, kí àwọn òbí lè rí i.

Nígbà tí Mùtíátù délé, ó gbọ́ ohùn nínú yàrá Fọláyọ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé.

Màmá Akínbíyìí ló jókòó síbẹ̀. Ó wọ léèsì funfun, ó fi páúdà sójú. Àga òfìfo kan wà níwájú rẹ̀, àwo oúnjẹ méjì sì wà lórí tábìlì. Wọ́n ti fa aṣọ títa ara ògiri sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀kùn kejì tí Mùtíátù kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Yàrá tí Màmá ń sùn ló wọ̀.

"Ọdún méje ni mo fi sọ fún ẹ pé tí mo bá bá ẹ parí ẹ̀, kó o wá gbà á," Màmá ń wí fún àga náà. "Àárọ̀ àná ni mo parí ẹ̀, àná náà lo wá mú un. Fọláyọ̀, má pẹ́ kó o tó padà wá mú èmi náà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì.

Mùtíátù wá mọ ẹni tó ń ran aṣọ náà ní àràárọ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò jẹun mọ́, omi nìkan ló ń mu. Ó kó ìkòkò rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ó pe Mùtíátù, ó kó àwo mẹ́fà fún un. "Mi ò nílò wọn mọ́," ó wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó ń múra ìrìn àjò. Ayọ̀ yẹn gan-an ló ń ba Mùtíátù lẹ́rù jù.

"Má sọ fún un," Sìkírátù wí. "Ṣé o ò rí i pé inú ẹ̀ ń dùn ni? Tó o bá sọ, o ti pa á nìyẹn."

"Tí mi ò bá sọ ńkọ́?"

Sìkírátù gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mùtíátù sá lọ bá Ìyáàfin Gbádégẹṣin, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Olùkọ́ náà ṣí ìwé máàkì. Ó pa máàkì rẹ̀ rẹ́ níṣojú rẹ̀, ó kọ òdo síbẹ̀, ó sì lọ tú aṣọ náà kúrò ní gbọ̀ngàn.

Mùtíátù kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó gbé aṣọ náà lé e láyà.

"Fọláyọ̀ kọ́ ló mú un, Mà. Èmi ni. Mo mú un lọ sílé ìwé, mo ní iṣẹ́ mi ni. Ẹ forí jì mí."

Màmá fọwọ́ pa àwọn òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, yí ká, títí ó fi dé igun tó parí gbẹ̀yìn.

"Kò wá?" ó béèrè.

"Kò wá, Mà."

"Jáde."

Ẹkún tí Màmá sun lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Nígbà tí Mùtíátù sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀, kò nà án. Ó ní, "Ìwọ ni wàá máa gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn láàárọ̀ lálẹ́, bí wọ́n jẹ ẹ́, bí wọn ò jẹ ẹ́." Lọ́jọ́rú, àwo náà padà bó ṣe lọ. Nígbà tí Mùtíátù tún gbé òmíràn dé lọ́jọ́bọ̀, Màmá ti jókòó. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Ẹ̀kọ yìí dì jù. Lọ po omi gbígbóná mọ́ ọn."

Ó mu ún tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Mo ti ń lọ, ìwọ lo pè mí padà. Ìwọ náà lo sì kọ́kọ́ tì mí sọ́nà. Inú mi ò tíì yọ́ sí ẹ tán. Ṣùgbọ́n máa bọ̀."

Ìyìn ọjọ́ kan ni Mùtíátù ń wá, kò mọ̀ pé ìrètí ìyá kan ni òun ká bọ inú báàgì ìwé. Bí kì í bá ṣe pé ó lanu sọ̀rọ̀ lásìkò, ẹ̀mí ni ì bá bá a lọ. Títí wọ́n fi padà sí Kétu, kò tún pe iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe ní tirẹ̀ mọ́. Tó bá sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ náà gan-an ló ń lọ jẹ́wọ́, bó ti wù kí ó nira tó.