Pláyà Wẹ́dà Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Yọ Lúùpù

Kò sí wẹ́dà tó mọ irin tó mi ládùúgbò wa. Bí mo bá kàn wo géètì tó wọ́ báyìí, á tọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ mi níṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn fẹ́ sọ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wá pláyà mi tì nínú ìsọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, pláyà mi dà?"

"Oníkẹ́mísì yá a. Ó fẹ́ fi yọ lúùpù ìyàwó mi."

Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbé ìyàwó wa lọ nígbà tó bí ọmọ kẹta. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi fi lúùpù sínú ilé ọmọ ẹ̀, kó má tíì lóyún.

"Kí ni lúùpù ṣe?"

"Ìwọ wẹ́dà lò ń bi mí? Irin tó ti wà nínú omi lọ́dún mẹ́ta, ṣé kò ní dógùn-ún? Oníkẹ́mísì ní ó ti ń rìn lọ sọ́kàn ẹ̀."

Orí mi gbóná ju iná wẹ́dà lọ. Mo sáré, atẹ́gùn ò bá mi.

Ìyàwó wa ti jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì. Pláyà mi wà nínú ike omi, gíríìsì léfòó lórí ẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá fà á," oníkẹ́mísì ní.

"Ẹ kọ́kọ́ fi fa eyín yín ká wò ó! Ṣé géètì nìyàwó wa ni?"

"Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n wá," ìyàwó wa ní.

Mo kó òun àtẹ̀gbọ́n mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Inú bí nọ́ọ̀sì ju èmi gan-an lọ. Ó yẹ ìyàwó wa wò, lúùpù wà níbi tó yẹ. Ó wá gbé òmíràn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ike ni, bàbà ni wọ́n wé mọ́ ọn. Kì í dógùn-ún, kì í rìn lọ sọ́kàn. Irú èyí lè ṣiṣẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọ, àwa la máa yọ ọ́, oyún á sì lè dúró." Ó kọjú sí ìyàwó wa. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ kí n yọ ọ́?"

Látàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Èmi ọlọ́gbọ́n náà ò bi í.

"Rárá!"

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ fọwọ́ kan lúùpù, ẹ má sì fà á fúnra yín. Bí inú bá ń run gan-an, tí ibà dé, tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, tàbí tí ọwọ́ yín ò bá okùn tín-ín-rín tó so mọ́ lúùpù mọ́, ilé ìwòsàn yá. Lúùpù ò dènà àrùn ìbálòpọ̀, kọ́ńdọ̀mù ló ń ṣèyẹn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bi ìyàwó yín kẹ́ ẹ tó pàṣẹ.

Pláyà mi ti padà sí ìsọ̀. Géètì ló wà fún.