Àwòrán Tí Lemuel Fi Sísọ́ọ̀sì Gé

Inú garawa fúláwà ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ora Dell Hutchins ń po búrẹ́dì fún àwọn tó wọ́de nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú, nínú ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Alabama, nígbà tí ọkùnrin gíga kan já wọlé, kámẹ́rà lọ́rùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí garawa fúláwà, ó ri agolo kékeré kan sínú rẹ̀, ó sì dé e.

"Kí lẹ fi sínú oúnjẹ wa yẹn?"

"Fíìmù ni, ma. Àwọn ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Wọ́n dé lóòótọ́. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọ́n fa fíìmù inú rẹ̀ síta bí ẹni ń fa ìfun adìẹ, kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á jẹ́. Wọn ò mọ̀ pé fíìmù òfìfo ni ọkùnrin náà, Lemuel Tarver, ti ki sínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, Ora Dell wò ó. "Ó ti rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí láti èṣí, ma."

Ó gbé búrẹ́dì fún un. Oorun gbé e lọ kó tó jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ yẹn, inú garawa náà ni gbogbo fíìmù rẹ̀ ń gbà kọjá. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti di "Lem mi" àti "Dell mi."

Ìyá Ora Dell, opó, kò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ Lemuel. "Ojú kan ló fi ń wo ayé nínú kámẹ́rà. Kí ló ń fi ojú kejì ṣe? Òní Alabama, ọ̀la Mississippi. Ta ni yóò máa la igi fún ọ?"

Olùkọ́ ni Ora Dell. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Àwọn aláṣẹ sì ti kìlọ̀ pé olùkọ́ tí wọ́n bá rí níbi ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta, ó tò sórí ìlà níwájú kóòtù. Ọlọ́pàá tì í, fìlà rẹ̀ já bọ́. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un, kò sì kúrò lórí ìlà. Lemuel wà ní òdìkejì títì. Ó ya á.

Nígbà tó fọ fíìmù náà, ojú Ora Dell yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi oògùn. Ó mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta, òun ò tíì ya èyí tó dára tó o. Ọ́fíìsì ìwé ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Atlanta ti ń béèrè fún àwòrán ọjọ́ náà.

"Lem, bí èyí bá jáde, iṣẹ́ mi ti lọ. Màmá ò ní ẹlòmíràn."

"Mo mọ̀."

Ó mú sísọ́ọ̀sì. Kò gé fíìmù sọnù rí. Ó gé ibi tí Ora Dell wà kúrò, ó fi bébà wé e, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Kí lo máa sọ fún wọn?"

"Pé ìmọ́lẹ̀ bà á jẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ dé pé wọ́n ti lé Ora Dell lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan ní kóòtù ti kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà. Ìyá Ora Dell ka lẹ́tà náà tán.

"Pe Olójú-kan yẹn wá."

Lemuel rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Ìyá fa bébà náà yọ láti inú Bíbélì.

"Dell ti sọ fún mi. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Iṣẹ́ náà ti kúkú lọ. Mú un, lọ tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n rí ẹni tí wọ́n lé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jókòó jẹun, o ti gbẹ bí igi."

Ora Dell rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Àwòrán náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní oṣù kẹfà wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ó rẹ ìyàwó, ó rẹ ọkọ. Kò sí ẹni tí yóò ya àwòrán wọn. Lemuel to kámẹ́rà tán, ó fi ibi títẹ̀ han Ìyá.

Ìyá gbé e sójú. Ó wò, wò, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó di ojú kan.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Mo ti rí yín."

Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà, Ìyá ti gé orí ọkọ ìyàwó kúrò nínú àwòrán. Lemuel ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbé e kọ́; ẹni tó yẹ kó hàn ti hàn.