Ìpéǹpéjú Ilé Náà

Bàtà ọkùnrin ni adìwé náà, ọmọbìnrin tó ń tún ìwé dì, kọ́kọ́ rí. Bàtà méjì tí ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀, tí wọ́n ń mì dirodiro lójú fèrèsé rẹ̀ ní àjà kejì, níbi tí kò sí ilẹ̀ tí ọmọ aráyé lè tẹ̀.

"Yéè! Mo gbé!"

Agolo gọ́ọ̀mù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà sórí ìwé tó ń tún dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo," ohùn kan dáhùn láti òkè. "Mò ń gbọ́ nǹkan lọ́wọ́."

Okùn sún wálẹ̀ díẹ̀, ojú sì yọ tẹ̀lé bàtà: ọkùnrin kan tó fi etí lé kọnkéré bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà aláìsàn, òòlù kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn án, kó, kó, kó, ó sì dijú.

"Ta ló ní kí ẹ wá kú sójú fèrèsé mi?"

"Ilé iṣẹ́ ìlú ló rán mi. Ẹnjiníà ni mí. Ikú ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n okùn yìí ti ń há mi nítan. Ẹ jẹ́ kí n gba fèrèsé yín wọlé."

Ilé kọnkéré kan ló ṣàdédé wó ní òpópónà kejì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kan gbogbo ilé kọnkéré àtijọ́ wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó ti kú nínú.

Ó wọlé, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìyàlẹ́nu sì wá kàn án. Lóde, oòrùn ọ̀sán ń mú ọ̀dà títì rọ̀. Inú yàrá yìí tutù bí abẹ́ igi.

"Fáànù dà?"

"Kò sí."

"Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́?"

"A ò ní in rí."

"Háà! Irọ́ ni!" Ó lọ yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò bí ẹni tó ń wá olè.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má wulẹ̀ wá a. Bàbá mi ló ya àwòrán ilé yìí. Olóògbé ni."

Ó mú un yí ilé ká. Ẹ̀gbẹ́ tóóró ni bàbá rẹ̀ kọ sí oòrùn, ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ ló kọ sí atẹ́gùn. Àwọn òpó ló gbé ilé náà kúrò nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn tútù ń gba fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé, ooru sì ń gba ihò abẹ́ àjà jáde. Òrùlé méjì ló wà lórí ara wọn, àlàfo láàárín wọn, bí ẹni tó dé fìlà tó tún ṣí agboòrùn lé e. Lókè fèrèsé kọ̀ọ̀kan ni pẹpẹ kọnkéré fífẹ̀ ti yọ síta, tí kò jẹ́ kí oòrùn rójú wọlé.

"Ìpéǹpéjú ni bàbá mi ń pe àwọn yẹn," ó ní. "Ó ní ilé tí kò ní ìpéǹpéjú, oòrùn yóò fọ́ ọ lójú."

Ẹnjiníà náà dúró, ó ń wo òkè, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì pa dé.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun gbàgbé òòlù. Ó wá lọ́jọ́ kẹta, kò sì rí nǹkan kan sọ pé òun gbàgbé.

"Akanògiri," adìwé náà sọ, orúkọ tó ti fún un nìyẹn, "ògiri wo ló kù tó ò tíì kàn? Àbí orí mi lo fẹ́ kàn báyìí?"

"Orí tèmi ló yẹ kí wọ́n kàn. Láti ìgbà tí mo ti gba fèrèsé yìí wọlé ló ti ṣófo."

"Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kàn án nígbà náà."

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú lára igi òòlù. Kọnkéré tó yè máa ń dún bí agogo, kìín! Èyí tí irin inú rẹ̀ ti dógùn-ún máa ń dún bí igbá òfìfo, nítorí irin tó bá dógùn-ún a máa wú, a sì máa ti kọnkéré kúrò lára. Ọmọbìnrin náà kàn án, ó gbọ́, ó sì gbàgbé láti gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ìyá rẹ̀ ń gbé àjà kẹta. Láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí omi lójú obìnrin náà. Òdòdó tí olóògbé gbìn sínú ìkòkò ló tò sórí ìpéǹpéjú abẹ́ fèrèsé rẹ̀, tí í ṣe òkè fèrèsé ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò bomi rin wọ́n, tí yóò máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọkùnrin olókùn yẹn tún dé," ni yóò wí fún ọmọ rẹ̀. "Tó bá fẹ́ fẹ́ ọ, kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ọmọlúàbí."

Òwúrọ̀ kan ni ìyá náà jókòó nísàlẹ̀, lábẹ́ fèrèsé ọmọ rẹ̀, ó ń ka ìwé. Ó dìde láti lọ mú gíláàsì ojú rẹ̀. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ kejì tí nǹkan fi já láti òkè, gbàù! Àga tó dìde lórí rẹ̀ fọ́ yángá. Òkúta kọnkéré tó tóbi tó orí ènìyàn ló wà láàárín rẹ̀.

Adìwé náà sáré sọ̀kalẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ mú. Ìyá náà ń wo àga. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni," ló ń tún sọ. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Akanògiri, ó sì gun okùn lọ sókè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó fi ọ̀dà pupa ṣe àmì sára ògiri.

"Ìpéǹpéjú yìí gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Àwọn ọ̀gá mi yóò bi mí ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ láti inú àwòrán, gbogbo ilé ni wọn yóò wó."

"Ṣé láti inú àwòrán bàbá mi ni?"

Ó wo òkè. Ìyá náà ti padà sójú fèrèsé rẹ̀, agolo omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀.

"Mò ń bi ọ́ o! Ṣé bàbá mi ló ṣe é?"

"Fún mi láyè díẹ̀, olólùfẹ́ mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! O jókòó nínú ìtura tí bàbá mi ṣe, o ò wá lè gbà á sílẹ̀? Kó okùn rẹ. Má dé ibí mọ́."

Ó kó okùn rẹ̀, ó lọ. Ọmọbìnrin náà ló fẹ́ kó lọ, síbẹ̀ nígbà tó lọ lóòótọ́, ó yà á lẹ́nu bí ilé náà ṣe ṣófo tó.

Kò lè jókòó. Ó mú òòlù tó fi ń di ìwé, ó na ara jáde lójú fèrèsé kan, ó kan ìpéǹpéjú òkè rẹ̀. Kìín! Ó bọ́ sí fèrèsé kejì. Kìín! Gbogbo wọn ń dún bí agogo ilé ìwé. Ó dé fèrèsé tirẹ̀. Pọ̀, pọ̀, pọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo? Ó na ọwọ́ dé ihò kékeré tí bàbá rẹ̀ dá sára pẹpẹ kọ̀ọ̀kan kí omi òjò lè máa já sílẹ̀. Ihò náà ti dí. Sìmẹ́ǹtì ni, ipa ìka sì wà lára rẹ̀, ìka tẹ́ẹ́rẹ́. Omi òdòdó ti dúró síbẹ̀ láràárọ̀, láti ọdún mélòó kan wá, ó ń jẹ irin.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ìka náà.

Nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ ìlú, Akanògiri wà nídìí tábìlì, kò ṣe nǹkan kan.

"Mo ti kàn án," adìwé náà ní. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó dìde. "Kí ni ǹ bá sọ? Pé omi tí ìyá rẹ fi ń kí ọkọ rẹ̀ ló ń wó ilé ọkọ rẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ lórí okùn ni mò ń gbìyànjú. Ẹnu mi kọ̀, kò là."

"O wá jẹ́ kí n lé ọ bí ajá."

"Ó sàn kó o bínú sí mi ju kó o máa fi ojú mìíràn wo ìyá rẹ."

Ọmọbìnrin náà dúró bí ìyàwó Lọ́ọ̀tì tó di ọ̀wọ̀n iyọ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi ara rẹ̀ bo àbùkù ilé wọn bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló kọ́kọ́ mú ọwọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n jọ padà, láìmọ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá náà.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé àárín àwọn òpó, wọ́n ta gìrì. Gbogbo ìkòkò òdòdó ló wà nílẹ̀. Ìyá náà jókòó láàárín wọn, erùpẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ẹ wolẹ̀, ẹ má tẹ òdòdó mi."

"Màmá..."

"Mo gbọ́ nígbà tí ò ń kàn án. Aya ayàwòrán ilé ni mí. Ṣé ẹ rò pé n ò mọ bí kọnkéré tó ti kú ṣe ń dún ni?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó sọ fún mi. Ó ní, 'Ìyàwó mi, ìpéǹpéjú kì í gbé omi dúró; omi gbọ́dọ̀ ṣàn.' Ṣùgbọ́n òdòdó náà ń rọ. Mo rò pé bó bá kú, ẹni tó gbìn ín tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mo bá dí ihò náà, kí omi má bàa ṣàn kúrò nídìí ìkòkò."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ò rí i rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ṣàn, ó ṣàn dé àgbọ̀n, kò sì nù ún.

"Akanògiri," ó ní nígbà tó yá, "sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ bó ṣe rí gan-an. Kí orúkọ ọkọ mi mọ́. Kó o sì tètè wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, okùn rẹ yẹn ń dẹ́rù bà mí."

Wọn kò wó ilé náà. Akanògiri ló bójú tó ìpéǹpéjú tuntun fúnra rẹ̀. Òdòdó wà nísàlẹ̀ nídìí àwọn òpó, níbi tí omi ti lè wọlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ pákó tó gbé kọnkéré tuntun náà ró kúrò, ó fún adìwé náà ní òòlù.

"Ìwọ ni kó o kàn án."

Kìín!

"Ó dún o!" ìyá náà kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan," ọkùnrin náà ní. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Adìwé náà wò ó, ẹnu yà á, bí ẹni tí kò retí rẹ̀ láti ìgbà tí bàtà ti dé ojú fèrèsé. Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó fi ìka kan àyà ọkùnrin náà jẹ́jẹ́, kó, kó, kó, ó fi etí lé e, ó sì dijú.

"Ẹ dákẹ́ ná," ó ní. "Mò ń gbọ́ nǹkan lọ́wọ́."

Ó pẹ́ kó tó gbé orí kúrò.

"Kò ṣófo," ó ní. "Mo gbà."